Lẹ́tà Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Níbo Ni Àmì Ohùn Wà?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ iṣẹ́ ọnà kan wò tí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà lò ń gbé jáde lóde òní. Iṣẹ́ náà ni pé kí ènìyàn ṣe ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó rí gẹ́lẹ́ bí ọ̀rọ̀ ti í hàn lójú tẹlifíṣọ̀n láyé àtijọ́: lẹ́tà onígun-onígun, àwọ̀ títàn lórí dúdú, ìlà tí kò gbọdọ̀ gùn kọjá ìwọ̀n. Ó lè jọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan akọ́mọlédè. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí a dé Àkàkà Rẹ́mọ.

Ní Àkàkà, ọmọkùnrin kan tí ọ̀kan nínú wa kọ́ ní Yorùbá nígbà kan rí gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá fún wa pé kí a wá wo iṣẹ́ òun. Ó ti ṣe ojú ìwé kan nípa ìlú rẹ̀. Lókè pátápátá ni AKAKA REMO wà, ó tóbi, ó ń tàn yòò. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìkéde iṣẹ́ ìmọ́tótó wà: Ki olukuluku mu owo re wa. Ọ̀kan nínú wa fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó ní èló ni wọ́n ń dá. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni òun kọ, kì í ṣe owó. A bi í léèrè pé níbo ni àmì wà nígbà náà. Ó tẹríba, ó ní: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin olùkọ́ mi. Bí ti àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá fi àmì sí i, kò ní jọ tẹlifíṣọ̀n mọ́."

Ìdáhùn yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Bí a bá sì ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi dán irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wò, a kò lè rí èyí tó dára ju orúkọ ìlú yìí lọ. Lẹ́tà ńlá tó gbé àmì ohùn lórí wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà tó ní àmì lórí, tó tún ní àmì lábẹ́, wà nínú rẹ̀. Ṣ nìkan ló kù, Ṣàgámù sì ti ní ìyẹn.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wo ni ọmọ yìí ń wí? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, jẹ́ olórí rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó fi tẹ̀lé Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Láyé ìgbà náà, páálí ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri àgbáyé máa ń kọ àkọlé sí. Ayàwòrán yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́tà àlẹ̀mọ́ ṣe é, wọn yóò gbé e síwájú kámẹ́rà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sì sí ibi tí ọwọ́ kò lè fi àmì sí. Bí àkọlé Yorùbá bá jáde láìní àmì láyé páálí, ẹni tó kọ ọ́ ni kò fi í sí i. Àìbìkítà ni a ń pe ìyẹn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ọnà tí a ó máa fara wé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, kì í ṣe páálí Ìbàdàn ni ọmọ yìí ń fara wé. Ọ̀dọ̀ teletext ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà rẹ̀ ti wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 ni BBC bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n pè ní Ceefax, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2012. (Ọdún 1974 yìí kan náà ni a fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa títí di òní.) Òpó 40 ni ojú ìwé kan ní ní ìbú, ìlà 25 ní òró. Àwọ̀ rẹ̀ kò ju 8 lọ, a ka dúdú mọ́ ọn. Igun kéékèèké mẹ́fà-mẹ́fà tí wọ́n ń kó sínú àyè lẹ́tà kan ni wọ́n fi ń ya àwòrán, èyí sì jọ ọnà ara ẹní lójú tiwa. Ibi àwòrán yìí ni iṣẹ́ ọmọ náà ti dára jù, a kò ní àbùkù kankan láti kà sí i lára.

Lẹ́tà ni tiwa. Àwọn tó ṣe teletext mọ̀ pé èdè kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n ya àyè 13 sọ́tọ̀ nínú àtòjọ lẹ́tà, kí èdè kọ̀ọ̀kan lè fi tirẹ̀ síbẹ̀. Jámánì fi ä, ö, ü àti ß sí i. Faransé fi é, è àti ç sí i. Àwa náà jókòó, a ka tiwa, lẹ́tà kékeré nìkan: á à, é è, ẹ ẹ́ ẹ̀, í ì, ó ò, ọ ọ́ ọ̀, ú ù, ṣ, ń ǹ, ḿ m̀. Mọ́kànlélógún ni. Kò lè wọ inú 13, a kò sì tíì kan lẹ́tà ńlá. Nítorí náà, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ yìí: ìlànà àkọ́kọ́ yẹn kò ní àyè tó gba Yorùbá. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì tí a ń ṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní kì í ṣe ẹ̀rọ 1974. Kò sí 13 kankan nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń tún lẹ́tà wọ̀nyí ṣe kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ wo Ben Harris, tó ṣe fọ́ǹtì Bedstead. Ó tẹ̀ lé bí ẹ̀yà ẹ̀rọ SAA5050, tí ilé iṣẹ́ Mullard ṣe, ti ń dán ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kó má rí págunpàgun jù. Ẹ̀yà ẹ̀rọ yìí kan náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà BBC Micro ti 1981. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ṣe ni irú èyí. Ohun tí a kò gbà ni kí ènìyàn gbé fọ́ǹtì tí a kò fi Yorùbá dánwò rí, kí ó fi kọ Yorùbá, kí ó wá di ẹ̀bi ru tẹlifíṣọ̀n.

A ní kí ọmọ náà fi àmì sí i kí a wò ó. Ohun tó jáde kò dára. Bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà kan, kọ̀ǹpútà a lọ yá a nínú fọ́ǹtì mìíràn. R àti m rí onígun, ẹ àárín wọn sì ń dán bí ti ìwé ìròyìn, bí ẹni tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan tí sálúbàtà sì wà lẹ́sẹ̀ kejì. A dán fọ́ǹtì mìíràn wò: ẹ àti ọ wà nínú rẹ̀, ṣ kò sí. Èyí yà wá lẹ́nu kí a tó rántí pé èdè Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ, kò sì kọ ṣ. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà ro ti Vietnam, kò ro tiwa. Àánú àwọn ni a fi rí méjì nínú mẹ́ta.

Ti àmì ohùn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àtòjọ Unicode, à ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ẹ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó kó àmì lé e. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ ibi tí yóò gbé àmì náà sí, àmì a ṣí lọ sórí lẹ́tà kejì tàbí kí ó gba àyè tirẹ̀. Òpó 40 náà a sì bàjẹ́. Àyè 10 ni Àkàkà Rẹ́mọ gbà lójú wa, àlàfo àárín wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà 11 ni kọ̀ǹpútà kà. Ìlà tó bá ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ márùn-ún, àyè márùn-ún ni yóò fi kúrú.

Ǹjẹ́ lẹ́tà wa lè wọ inú igun kékeré yẹn rárá? A fi ìwé ìṣirò onílà dá a wò. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 10 ni òró àyè lẹ́tà kan. Lẹ́tà kékeré bí e gba 5. Méjì wà lókè rẹ̀ lábẹ́ orí k, àmì ohùn jókòó síbẹ̀ dáadáa. Méjì wà nísàlẹ̀ fún ìrù g àti p: a fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, a fi àmì abẹ́ lẹ́tà sínú èkejì. Ẹ́ wọ̀ ọ́ pẹ́, àfi bí ẹni pé a wọ̀n ọ́n fún un. Lẹ́tà ńlá ló ṣòro, nítorí 7 ni ó ń gbà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù lókè, àmì ohùn sì ń fẹ́ méjì. Àfi kí a gé lẹ́tà ńlá náà kù sí 6. Bí a bá sì gé e, àmì rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ìlà tó wà lókè.

Ohun kan tún wà tí ó bí wa nínú díẹ̀. Àwọn kan a máa fa ìlà dúdú tín-ínrín la ojú ìwé kọjá, kí ó lè dà bí gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Àmì abẹ́ lẹ́tà kò ju ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan lọ. Bí ìlà dúdú bá bọ́ sórí rẹ̀, ọwọ́ àti owó ti di ọ̀kan náà.

A wá bi ọmọ náà pé, nínú teletext, ṣé kì í ṣe pé òǹwòran máa ń dúró kí ojú ìwé tó ń fẹ́ tó yí kàn án? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A ní, kí ló dé tí tirẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀? Ó ní ta ni yóò dúró. Ẹ ò rí i pé ó ti ń ṣa èyí tó wù ú fara wé, ó sì ń fi èyí tí kò ṣe é lóore sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé e pé àmì Yorùbá ni kí ó fi sílẹ̀.

Ó gba ìwé ìṣirò náà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a tún rí i, ó ti ya lẹ́tà kékeré mọ́kànlélógún náà tán, ọwọ̀ sì ti yàtọ̀ sí owó nínú ìkéde rẹ̀. Nínú Àkàkà, À tó gé kù sí 6 kúrú ju k tó tẹ̀lé e lọ pẹ̀lú ẹyọ kan. Ó bi wá pé ṣé kí òun gé k náà. A ní kí ó fi k sílẹ̀.