Ìlù Tó Ń Ròyìn, Òkùnkùn Tó Ń Sọ̀rọ̀: Iṣẹ́ Iná àti Ìró nínú *Ikú Olókùn-Ẹṣin* àti Ẹ̀kọ́ Ìtàgé ní Prince George's County

Ìfáárà

Ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, àyè kò wọ́n fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ iná àti ìró orí ìtàgé. Ilé eré Clarice Smith, tí wọ́n ṣí ní 2001 nínú ọgbà University of Maryland ní College Park, ní gbọ̀ngàn mẹ́fà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ní Mount Rainier, Joe's Movement Emporium ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní CreativeWorks, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ orí ìtàgé kí wọ́n lè fi wá oúnjẹ òòjọ́. Suitland High School pẹ̀lú ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà àti eré. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló sì fi county yìí ṣe ilé. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ọmọ tí wọ́n bí sí Bowie tàbí Lanham bá wà lórí àkàbà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tó ń so iná mọ́ irin òkè ìtàgé.

Ohun tó yẹ kó kọni lóminú ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni lámèyítọ́ Yorùbá ní láti sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré, oríkì, òwe àti orin ni a máa ń tú wò. Ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn lẹ́yìn òǹwòran, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, kì í sábà sí nínú àlàyé wa. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ eré kan ṣoṣo wò láti ibi tí ẹni náà jókòó sí. Eré náà ni *Death and the King's Horseman* tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ sí *Ikú Olókùn-Ẹṣin*. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìlù àti òṣùpá ló ń gbé ìtàn eré yìí rìn, àti pé ẹni tó bá ṣe iná àti ìró rẹ̀ láìgbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ yóò ba ìtàn náà jẹ́, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká tó nídìí ẹ̀rọ.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé

Ìwé tí Stanley McCandless, olùkọ́ ní Yale, gbé jáde ní 1932 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ iná ní Amẹ́ríkà ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìlànà rẹ̀ kò nira láti sọ. A ó pín ìtàgé sí ojúkò kéékèèké. A ó tan iná méjì sí ojúkò kọ̀ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ọ̀tún, èkejì láti òsì. Àwọ̀ ọ̀kan á gbóná, ti èkejì á tutù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ìhà méjì wá báyìí, ojú òṣèré á yọ dáadáa, kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwòrán ara ògiri. McCandless tún kọ́ni pé ànímọ́ mẹ́rin ni a lè yí padà lára ìmọ́lẹ̀: agbára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ìrísí rẹ̀ àti ìrìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ tẹ̀ lé èyí. Láti 1986 ni ìlànà DMX512 ti mú kí okùn kan ṣoṣo lè gbé àṣẹ lọ́nà 512 dé ọ̀dọ̀ àwọn iná. Ní ti ìró, QLab, tí ilé-iṣẹ́ Figure 53 ní Baltimore ṣe, wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àwọn ilé eré. Àmì ló sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Alákòóso ìtàgé á máa fi ìka tọpa ìwé eré. Yóò kìlọ̀ pé àmì kan ń bọ̀. Nígbà tó bá pe "Go", ọwọ́ á tẹ bọ́tìnnì, iná á yí, ìró á dún. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣeré nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò ní pẹ́ kó tó rántí àṣẹ, ọ̀rọ̀ tí ń mú nǹkan ṣẹ nígbà tí ẹni tó yẹ bá pè é.

Ẹ̀kọ́ yìí dára, kò sì sí ohun tó yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ó gbà láìsọ pé ọ̀rọ̀ òṣèré ló ń ṣíwájú, pé iná àti ìró kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ibí yìí gan-an ni eré Ṣóyínká ti yà kúrò lọ́nà tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀.

Ìlù tó ń ròyìn

Ní ìran kejì, Pilkings, aláṣẹ ìjọba amúnisìn, ń bá ìyàwó rẹ̀ jó táńgò nínú ilé wọn, agọ̀ egúngún ni àwọn méjèèjì sì gbé wọ̀. Ìlù ń dún láti inú ìlú. Wọ́n bi Joseph, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, léèrè ohun tí ìlù náà ń wí. Ó dáhùn pé ó ń dún bí ikú ìjòyè ńlá, ó sì tún ń dún bí ìgbéyàwó ìjòyè ńlá, ó sì ti da òun lójú rú.

Ó rọrùn láti fi Joseph rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ Joseph gbọ́ ọ re. Ẹlẹ́ṣin, tó yẹ kó bá ọba rẹ̀ lọ lóru ọjọ́ náà, ti gbé ìyàwó tuntun. Ikú àti ìgbéyàwó wà nínú ìlù nítorí pé àwọn méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ nínú ìlú. Ìròyìn tí òyìnbó méjèèjì kò lè rí gbà lẹ́nu ọlọ́pàá wọn ni ìlù ti ń sọ fún wọn láti ìrọ̀lẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìró bá wá fi ìlù kan náà sórí ẹ̀rọ, tó ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran dé òpin láìyàtọ̀, ó ti sọ Joseph di òpùrọ́. Ó ti sọ ìlú Ọ̀yọ́ di ariwo lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú, bó ṣe rí létí Pilkings gẹ́lẹ́.

Ìran kẹrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olúńdé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, ń bá ìyàwó Pilkings sọ̀rọ̀. Ìlù tó ń bọ̀ láti òkèèrè yí padà, ó ròkè, ó sì dákẹ́ lójijì. Olúńdé mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ náà túmọ̀ sí: bàbá òun ti lọ. Ìgbà tó yá ni ó rí bàbá rẹ̀ láàyè, tí wọ́n ti mú un. Ṣé ìlù purọ́ ni? Ìdáhùn tó bá eré náà mu ni pé àwọn onílù ṣe ojúṣe wọn ní àsìkò tó yẹ, ọkùnrin tí wọ́n ń lùlù fún ni kò ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ìlù náà kò gbọdọ̀ ṣiyèméjì. Bí ìró bá gbọ̀n díẹ̀, tí ó bá ń dẹ́kun ní mẹ́ẹ̀lọ́ mẹ́ẹ̀lọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tó ń lo ẹ̀rọ, òǹwòran á ti fura kí Olúńdé tó mọ̀. Gígé ni kí a gé e, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé okùn. Láàárín kí a gé ìró àti kí a rọra fà á lọ sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ló wà níbẹ̀ lójú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ ìran náà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ọwọ́ pátápátá. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹnu ènìyàn. Ìlànà ilé ìró sì ni kí a máa gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò kí gbọ̀ngàn má baà máa hó, kí a sì máa tẹ ìró tó ròkè mọ́lẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Bí a bá ṣe èyí ní àṣejù, ohùn ìsàlẹ̀ dùndún á di tín-ín-rín, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì á sì máa dín kù. Etí tí kò gbọ́ Yorùbá á ní ìró náà mọ́ tónítóní. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ní ilé eré òde òní, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ìró ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀mọ̀ràn náà, torí bí òun bá pa òwe rẹ́, kò sí ohun tó kù fún ọlọ́gbọ́n láti jó sí.

Òṣùpá àti òkùnkùn

Ibi tí òṣùpá bá dé lójú ọ̀run ni a fi mọ̀ pé àsìkò Ẹlẹ́ṣin tó. Ní ìran karùn-ún, ó wà lẹ́yìn irin ẹ̀wọ̀n, ó ń wo òru. Pilkings sọ fún un pé òru náà dákẹ́ rọ́rọ́, Ẹlẹ́ṣin sì kọ̀ fún un pé kò sí àlàáfíà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Ọ̀kan rí ẹwà, èkejì rí ẹlẹ́rìí.

Àṣà ìtàgé Amẹ́ríkà ni láti fi àwọ̀ búlúù ṣe òṣùpá. Ṣùgbọ́n nínú ètò àwọ̀ Yorùbá àtijọ́, funfun, pupa àti dúdú ni òpó mẹ́ta, búlúù aró sì wà lábẹ́ dúdú. Funfun ni òṣùpá Yorùbá. Àwọ̀ Ọbàtálá ni, àwọ̀ ohun tó tutù, tí ó sì mọ́. Bí a bá da búlúù bo Ẹlẹ́ṣin, ojú Pilkings ni a yá òǹwòran láti fi wo òru náà. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ funfun tí kò ní àwọ̀ kankan tàn án, tí ó le, tí ó sì ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, ẹ̀bi rẹ̀ á hàn lára rẹ̀. Olùṣètò iná lè yan èyí tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó mọ ojú ẹni tó ń yá wa.

Àwọ̀ ara òṣèré náà jẹ́ ara ọ̀ràn yìí. Àwọ̀ dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mú ju àwọ̀ funfun lọ, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn ló sì ń fà á yọ kúrò lára òkùnkùn. Nígbà tí Pilkings àti Ẹlẹ́ṣin bá jọ dúró, bí a bá fi ojú Pilkings wọn agbára iná, Ẹlẹ́ṣin á rì sínú òjìji nínú eré tí a fi orúkọ oyè rẹ̀ pè.

Òkùnkùn gan-an ní ìtàn lọ́dọ̀ wa. Níbi Ẹ̀fẹ̀, apá òru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ìlú kan wà ní agbègbè Kétu tí wọ́n máa ń pa gbogbo iná kí Ìyáńlá tó jáde. Àìríran ni wọ́n fi ń gbà á lálejò. Orò pẹ̀lú, ìró tí a ń gbọ́ tí a kò rí ara rẹ̀, ń kọ́ni pé ohun tí a kò rí lè ní àṣẹ ju ohun tí a rí lọ. Ṣóyínká fẹ́ kí eré rẹ̀ lọ láìsí ìsinmi láàárín. Òkùnkùn tó wà láàárín ìran kan àti èkejì nínú rẹ̀ ju àyè tí a fi ń gbé àga lọ. Ọ̀nà tí Ẹlẹ́ṣin kò lè gbà kọjá ni.

Àtakò kan, àti àwọn tó ṣáájú

Ẹnìkan lè sọ pé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ darí eré yìí ní Goodman Theatre ní Chicago ní 1979, tí wọ́n sì gbé e wá sí Kennedy Center ní Washington, ìrìn díẹ̀ sí Prince George's County. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ló sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ta ló wá nílò Yorùbá níbẹ̀? Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà. Ẹni tó mọ ohun tí ìlù ń wí wà nínú gbọ̀ngàn, òun ló sì ń darí. Akẹ́kọ̀ọ́ ní College Park lónìí kò ní Ṣóyínká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé eré ló ní, ìwé eré sì kàn sọ fún un pé ìlù yí padà ni, kò fi bí ó ṣe yí hàn án. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ ṣe *Ọba Wàjà* lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ní 1964, àwọn onílù rẹ̀ jẹ́ ara ẹgbẹ́ eré, ìṣòro yìí kò sì yọjú. Ìgbà tí ìlù kúrò lọ́wọ́ onílù bọ́ sínú ẹ̀rọ ni ó di dandan kí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ gbọ́ èdè.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Shirley Prendergast wọ ẹgbẹ́ àwọn olùṣètò iná ní 1969. Allen Lee Hughes ṣe iná *K2* ní Broadway ní 1983, Arena Stage ní Washington sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ètò tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà nínú iṣẹ́ ìtàgé. Ní Ìbàdàn, Dexter Lyndersay, ọmọ Trinidad, ló ń bójú tó iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtàgé ní ilé ẹ̀kọ́ eré yunifásítì náà ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ọ̀nà náà ti là. Èdè ni a kò tíì gbé gba ibẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tó wà nínú ewu níbí ju eré kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Maryland gbà pé àwọn kò gbọ́ Yorùbá, nítorí pé ẹnu wọn kò yá láti dáhùn. Ṣùgbọ́n etí wọn ti gbọ́ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn nínú ilé láti kékeré. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìró nílò. Bí olùkọ́ èdè bá mú ìran kẹrin wá sí kíláàsì, tó gbé dùndún ka iwájú maikirofóònù, tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gé ohùn ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi sọnù, akẹ́kọ̀ọ́ náà á ti kọ́ ẹ̀rọ, á sì ti kọ́ àmì ohùn. Kí ó wá fi Yorùbá kọ àmì tirẹ̀ sí etí ìwé eré: kí ìlù wí báyìí, kí ó dákẹ́ báyìí. Lámèyítọ́ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Nígbà mìíràn tó bá lọ wo eré, kí ó yíjú sẹ́yìn díẹ̀, kí ó wo ẹni tó wà nínú òkùnkùn, kí ó sì bi í léèrè ohun tí ó gbọ́ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì.