Ojú Kọ́ Ni A Fi Ń Gbọ́ Ìlù: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹwà Sípíkà àti Ohùn Rẹ̀

Bí Yorùbá bá fẹ́ ra aṣọ, a fọwọ́ pa á lára. Bí a bá fẹ́ ra èso, a gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá di ìlù, a ní kí onílù lù ú kí a gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan sípíkà, ojú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rà á. A dé ọjà, a rí èyí tó ga dé àyà, tí ara rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí iná aláràbarà ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, a ti sanwó kí a tó bèèrè bóyá ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn: ẹwà sípíkà àti iṣẹ́ rẹ̀, èwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú?

Ẹnìkan lè ní kí ló kan ẹgbẹ́ àṣà nínú ọ̀rọ̀ sípíkà. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Barking àti Dagenham kì í sábà rí ìyáàlù lójúkojú, àfi bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ. Inú sípíkà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù fi ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa ti ń ṣe. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí sípíkà bá da ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, "gbì, gbì" ni ọmọ yóò gbọ́. Yóò dàgbà tán, yóò sì rò pé ariwo lásán ni ìlù àwọn baba òun.

Àrùn kan náà ló sì ń ṣe ọ̀pọ̀ sípíkà tí a ṣe fún ojú. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni oníbàárà yóò fi gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ó bu kún ìsàlẹ̀ ohùn kí ilẹ̀ lè mì, ó bu kún òkè kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè máa ta sí etí, ó sì jẹ́ kí àárín jìn. Bẹ́ẹ̀ àárín yẹn gan-an ni ohùn akọrin àti ọ̀rọ̀ ìlù fi ṣe ilé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ojú ń tàn jẹ. Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, onímọ̀ nípa ohùn ní ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, kó òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà 40 jọ láti dájọ́ lórí sípíkà mẹ́rin. Nígbà kan, wọ́n ta aṣọ sí iwájú àwọn sípíkà náà. Nígbà kejì, wọ́n ká aṣọ kúrò. Nígbà tí ojú rí wọn, àwọn tó tóbi tó sì rẹwà gba máàkì sí i. Èyí tó kéré, tó jẹ́ oníke, pàdánù máàkì. Sípíkà kan náà ni o! Bí ojú bá lè tan àwọn tó ń fi sípíkà jẹun jẹ, kí ni ti èmi olùṣírò owó àti ìwọ nọ́ọ̀sì?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, BBC ṣe sípíkà kan tí wọ́n pè ní LS3/5A fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, níbi tí àyè há gádígádí. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní àpótí bàtà ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹni náà wà nínú yàrá. Ohùn ènìyàn ni BBC fi ṣe òṣùwọ̀n. Quad náà wà, tí Peter Walker gbé jáde ní 1957. Hítà ni àlejò máa ń rò pé ó jẹ́, síbẹ̀ títí di òní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì ń wá a rà. Kì í ṣe pé àwọn méjèèjì kò ní àbùkù. Ìsàlẹ̀ ohùn wọn kò jìn, wọn kò sì lè gbé òde àríyá ró. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni wọ́n jẹ́.

Ǹjẹ́ ohun tí mo ń wí ni pé kí sípíkà burẹ́wà? Rárá o. Ẹwà méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí a lẹ̀ mọ́ ara, bí àtíkè. Èkejì ni èyí tó ti inú iṣẹ́ jáde. Ẹ wo Nautilus tí ilé-iṣẹ́ Bowers & Wilkins gbé jáde ní 1993. Ó ká kòrókòró bí ìkarahun ìgbín, ọ̀pá mẹ́ta sì nà sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ère ni. Ṣùgbọ́n ìhò inú ìgbín náà àti ti àwọn ọ̀pá yẹn ń tín-ín-rín lọ kí wọ́n lè gbé ohùn tó ń jáde lẹ́yìn sípíkà mì, kí ó má baà padà wá ba ti iwájú jẹ́. Bákan náà, láti 1951 ni Harry Olson ti fi hàn pé etí àpótí tó mú ṣánṣán máa ń da ohùn rú, àti pé èyí tó rí roboto ló mọ́ jù. Nígbà tí KEF ṣe LS50 ní 2012, tí wọ́n sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, kì í ṣe nítorí fọ́tò nìkan.

Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́. Kí ló dé tí igi dùndún fi ní ìbàdí tín-ín-rín? Kì í ṣe nítorí oge. Ibẹ̀ ni àyè wà fún onílù láti fún osán, kí awọ le, kí ohùn sì gòkè. Ṣaworo etí ìyáàlù ń dán, ṣùgbọ́n ó ń ké pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbẹ́ ìlù, igi ọ̀mọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ń fẹ́, nítorí wọ́n gbà pé ó ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá. Ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ rò; ẹwà tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí Mayesbrook wa. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àyíká wa jẹ́ ara Becontree tí ìjọba ìlú London bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1921 fún àwọn òṣìṣẹ́. Pálọ̀ wọn kò tóbi, ògiri kan náà ni àwa àti aládùúgbò sì jọ ní. Sípíkà tó ga dé àyà níbẹ̀, erin ni a mú wọ ilé adìyẹ. Ìyàwó ilé yóò ní kí a tì í sí kọ̀rọ̀ kí pálọ̀ lè fẹjú, ó sì jàre. Ṣùgbọ́n bí a bá ti tì í sí kọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ ohùn á tún wú sí i. Ìsàlẹ̀ ohùn yìí ló sì ń la ògiri kọjá jù. Ọ̀rọ̀ orin kò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, "gbì, gbì" nìkan ló ń dé. Ṣé ó wá yẹ kó yà wá lẹ́nu bí ó bá kan ilẹ̀kùn?

Ìmọ̀ràn mi kò le. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú àpàlà Haruna Ishola dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yíjú sí ògiri, kí ẹ má wo sípíkà. Ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ? Ṣé ẹ dá agídìgbo mọ̀ yàtọ̀ sí ìlù? Ẹ wá dín ohùn kù dé ibi tí ẹ ó máa gbọ́ ọ sí nílé lálẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀? Bí ó bá wà, ẹ wá yíjú padà kí ẹ wo ẹwà rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè iye rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìṣírò, a kì í kọ owó ìkunlé sí ìwé kí a pè é ní owó ilé. Bí ó bá jẹ́ pé páńda ara rẹ̀ àti iná tó ń ṣẹ́jú ni a sanwó fún, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé àga tàbí àtùpà ni a rà.

Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà. Ohùn ni ìwà sípíkà. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kí ó kọ̀wé sí olóòtú, a ó jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ pe ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú sípíkà ilé rẹ̀, kí ó fi ìlù sí i, kí ó sì bi í pé: "Kí ni ìyáàlù ń wí?"