Máàkì Kíláàsì Kékeré: Ṣé Ó Ṣeé Gbára Lé?

Ó ti di àṣà láàrin àwọn òbí àti àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ láti máa fi máàkì ìdánwò ọdún kan ṣoṣo díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́. Bí máàkì bá ga, wọn a ní olùkọ́ náà mọṣẹ́. Bí ó bá lọ sílẹ̀, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Èrò tèmi ni pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà, pàápàá jù lọ níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ti pọ̀.

N kò sọ pé kíláàsì kékeré kò dára. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1985 títí di 1989, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní STAR. Wọ́n ṣẹ́ gègé pín àwọn ọmọdé: àwọn kan bọ́ sí kíláàsì ọlọ́mọ 13 sí 17, àwọn mìíràn sí ti ọlọ́mọ 22 sí 25. Àwọn tí ó wà ní kíláàsì kékeré ni ó ṣe dáadáa jù nínú ìwé kíkà àti ìṣirò.

Ṣùgbọ́n kékeré tí ó ran ọmọ lọ́wọ́ yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí ìpíndọ́gba máàkì dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Bí ọmọ 10 bá wà ní kíláàsì, tí ibà dá ọ̀kan nínú wọn gúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, tí ẹni tí ì bá gba 70 wá gba 20, ìpíndọ́gba gbogbo kíláàsì yóò fi máàkì 5 wálẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 50, máàkì 1 péré ni. Olùkọ́ kan náà, ibà kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí wọn yóò dá a kò dọ́gba.

Ní ọdún 2002, Thomas Kane àti Douglas Staiger tẹ ìwádìí jáde lórí máàkì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ North Carolina. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké ni ó ń gòkè jù, àwọn náà ni ó sì ń já wálẹ̀ jù. Ṣé a ó wá ní wọ́n dára jù, wọ́n sì burú jù, lẹ́ẹ̀kan náà?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kí a kó 80 ọmọ jọ sínú yàrá kan ni àbáyọ. Máàkì lè dúró sójú kan, kí ó sì jẹ́ pé ibi tí kò dára ni ó dúró sí.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí a tó dá olùkọ́ lẹ́bi tàbí kí a tó yìn ín, ẹ jẹ́ kí a pa máàkì ọdún mẹ́ta pọ̀, kí a yẹ ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, kí a sì wọ kíláàsì lọ wo bí ó ti ń kọ́ni.