Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì fọwọ́ kan fóònù tó fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìyẹn ló mú kí n fa àga sún mọ́ tábìlì rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń tún fóònù ṣe ní Odòde Ìdànrè.

Oníṣòwò kòkó ni Màmá tó gbé fóònù wá. Orin ni í bá a ṣeré bó bá ń sá kòkó, tó ń ṣa èyí tó ti hu sọ́tọ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí áàpù tó fi ń gbọ́ orin kò dúró mọ́: bó bá tẹ̀ ẹ́, á ṣí, á sì pa dé kí ó tó ṣẹ́jú. Ẹnìkan ní kó yọ áàpù náà kúrò, kó tún gbé e sórí fóònù. Ẹlòmíràn ní kó lọ fláàṣì fóònù pátápátá.

"Màmá, ṣé ẹ ti yọ ọ́ ni?"

"Rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Gbogbo Sunny Ade mi ló wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun mà, tí ẹ kò yọ ọ́."

Ìdúpẹ́ yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán. Orin tí èèyàn gbà sílẹ̀ sínú irú áàpù bẹ́ẹ̀, owó dátà ló fi gbà á, inú áàpù náà nìkan ló sì ń gbé. Bí áàpù bá kúrò, orin bá a lọ. Bí onífóònù kò bá wá rántí páswọ́ọ̀dù tó fi wọlé, ó di kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí ti mọ ohun tí Màmá lè pàdánù kó tó wá àìsàn tó ń ṣe fóònù.

Ó tún béèrè pé: "Bó bá fẹ́ kú, ṣé ó máa ń kọ nǹkan sójú fóònù ni, àbí ó kàn ń dákẹ́?"

Màmá ronú. "Méjèèjì ni. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ bí mo bá fi sápò. Ọjọ́ mẹ́ta yìí ló ń kọ nǹkan."

Ìdáhùn yẹn pín iṣẹ́ sí méjì. Áàpù tó kọ nǹkan kó tó lọ, ó ṣubú fúnra rẹ̀. Èyí tó dákẹ́ nígbà tí ojú fóònù ṣú, fóònù ló pa á láti fi bátìrì pamọ́. Àìsàn méjì nínú ara kan, oògùn wọn kò sì papọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ààyè. Fóònù oní-32GB ni, ó sì ti kún dé ẹnu. Bí áàpù bá ń jí, ó ní ohun kéékèèké tó gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Bí kò bá rí ibi kọ ọ́ sí, ó lè ṣubú. Fídíò WhatsApp ló jókòó síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò pa ẹyọ kan rẹ́. Ó yí fóònù sí Màmá, wọ́n jọ ń wò ó níkọ̀ọ̀kan.

"Èyí ńkọ́, mà?"

"Ọmọ-ọmọ mi nìyẹn, fi í sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì kánjú.

Lẹ́yìn náà ló wọ inú Settings. Bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀ tí wọn kò jìnnà síra: ọ̀kan ń pa cache rẹ́, èkejì ń pa gbogbo ohun tí áàpù ní rẹ́. Èkínní ń kó èèpo kòkó dànù. Èkejì ń kó kòkó fúnra rẹ̀ dànù. Mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró díẹ̀, tó kàwé ojú bọ́tìnnì náà kó tó tẹ ti àkọ́kọ́. Ó pa fóònù, ó tàn án. Ó tẹ áàpù. Áàpù tún ṣubú.

Ojú rẹ̀ kò yí padà. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló gun Òkè Ìdànrè lọ sí ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ibí fi sílẹ̀ ní 1923, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà; ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni èèyàn fi ń gùn ún. Bí ọmọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ohun kan ṣoṣo ni yóò yí padà, yóò dúró, yóò dán an wò. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tó woni sàn, oníbàárà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní jàǹfààní rẹ̀.

Ó wá ṣí Play Store, ó wá ohun kan tí wọ́n ń pè ní Android System WebView. Òun ni ọ̀pọ̀ áàpù fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì nínú ara wọn. Ní oṣù kẹta 2021, àṣìṣe nínú rẹ̀ mú kí Gmail àti àwọn áàpù mìíràn máa ṣubú káàkiri ayé, títí Google fi gbé àtúnṣe jáde. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2020, Spotify náà ṣubú lórí iPhone nítorí kóòdù Facebook kan tó wà nínú rẹ̀; Facebook ló tún un ṣe láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó fìbínú yọ áàpù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kàn fìyà jẹ ara rẹ̀ ni.

Lórí fóònù Màmá, àtúnṣe WebView àti ti áàpù orin ti há sójú ọ̀nà, nítorí kò sí ààyè tí wọn yóò bọ́ sí. Ààyè ti wà báyìí. Ó jẹ́ kí ti WebView wọlé, ó dán an wò; áàpù ṣì ṣubú. Ó jẹ́ kí ti áàpù fúnra rẹ̀ wọlé, ó dán an wò. Áàpù ṣí, ó sì dúró. Orin Màmá pé síbẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá gbowó níbẹ̀ yẹn. Ó padà sórí àìsàn kejì, ó wọ ibi bátìrì, ó gba áàpù náà láyè láti máa ṣiṣẹ́ bí ojú fóònù bá ṣú. Ó pa ojú fóònù, ó fi í sápò ara rẹ̀, ó sì gbé fóònù oníbàárà mìíràn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ẹnu cháàjà rẹ̀. Gìtá Sunny Ade, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, ń dún lápò rẹ̀. Láàárín orin kejì, ó gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó tún dá a padà, nítorí ní ìlú tí àpáta yí ká, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ lójijì bí èèyàn bá ń rìn. Orin kò já. Ó di ìgbà tí orin kẹrin parí kó tó yọ fóònù jáde.

Kò tú nǹkan kan, kò lo irin gbígbóná. Màmá sanwó láìjiyàn, torí ìṣojú rẹ̀ ló ṣe é.

"Kí ló wá ṣe é gan-an, ọmọ mi?"

Ó ṣàlàyé fún un, lọ́rọ̀ tí kò le. Màmá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń tún un sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde: "Bó bá kọ nǹkan, ó ṣubú ni. Bó bá dákẹ́, fóònù ló pa á."