Ọ̀mùtí Tutùọlá lọ́wọ́ àwọn olùkọ́

Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní lítíréṣọ̀ ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó yóò ti gbọ́ ìbéèrè yìí rí: bí Amos Tutùọlá kò bá ka ìwé jìnnà, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé, kí ni àwa ń jókòó ṣe ní kíláàsì? Olùkọ́ a máa fi ìbínú dáhùn, nígbà tí ìdáhùn wà nínú iṣẹ́ òǹkọ̀wé náà gan-an.

Kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn ìgbésí ayé rẹ̀. Tutùọlá kò fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí pé ìwé sú u. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1920, àgbẹ̀ kòkó sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ọkùnrin Ígbò kan tí ó ń bá ṣiṣẹ́ ilé ni ó fi í sí ilé-ìwé Salvation Army ní 1934. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1939, kò sí ẹni tí yóò san owó mọ́. Ó ṣe oko, oko kò gbè é. Ó kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn ogun, ó di ońṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Àkókò tí kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ni ó fi kọ <i>The Palm-Wine Drinkard</i>, tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952.

Àwọn òyìnbó yìn ín, akéwì Dylan Thomas sì wà lára wọn. Nílé níhìn-ín, ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa: wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò gún. Ẹni tí ó bá fi etí Yorùbá gbọ́ gbólóhùn rẹ̀ yóò mọ̀ pé bí a ti ń pa àlọ́ ni ó ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Èyí ti di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sínú ìdánwò. Ohun tí a kì í sọ ni pé ilé-ìwé tí ó fi sílẹ̀ kò fi òun sílẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò inú ìwé náà. Igi ọ̀pẹ tí baba ọ̀mùtí fún un jẹ́ 560,000; agbè ẹmu 150 ni adẹ́mu rẹ̀ ń dá láràárọ̀. Nígbà tí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun kan, wọ́n ta ikú wọn ní £70.18s.6d., wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni, èlé rẹ̀ £3.10s. lóṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà; ikú tí a ti tà kò ṣeé gbà mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀mùtí kò lè kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù lè bà á. Àlọ́ ìyá àgbà kì í ní ṣílè àti kọ́bọ̀ báyìí. Síléètì ọmọ ilé-ìwé àti tábìlì akọ̀wé ni ó ti wá, òun ni ó sì jẹ́ kí á gba ohun tí kò ṣeé gbàgbọ́ gbọ́.

D. O. Fágúnwà, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́, ti kọ <i>Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀</i> ní 1938. Gbèsè tí Tutùọlá jẹ ẹ́ kò fara sin. Ṣùgbọ́n Fágúnwà a máa dá ìrìn dúró láti kọ́ òǹkàwé lẹ́kọ̀ọ́, Tutùọlá kì í sì í dúró.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì wa yìí, ti ṣe olùkọ́ rí kí ó tó di òṣèré pátápátá. Ní 1963, ó gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, ó sì pe ọ̀mùtí ní Láńkẹ́. Èdè tí wọ́n ní kò gún ti wá gún, nítorí pé ó ti padà sílé. Orin inú eré náà dùn, ẹ̀rín inú rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé. Síbẹ̀, lójú tèmi, ohun ńlá kan sọnù níbẹ̀: Ògúnmọ́lá sọ gbogbo ìrìn náà di àlá. Láńkẹ́ mu àmuyó, ó sùn, ó jí. Olùkọ́ inú Ògúnmọ́lá kò lè gbà kí ọ̀lẹ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ la ọ̀nà láìjẹ́ pé a jí i.

Nínú ìwé, ọ̀mùtí lọ ní tòótọ́. Ohun tí ó wá kiri kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nítorí òkú kò lè bá alààyè padà. Ẹyin kan ni ó gbé bọ̀, ẹyin náà sì bọ́ ìlú nígbà ìyàn títí àwọn èèyàn fi fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ìrọ̀rùn púpọ̀ fún Tutùọlá: ẹni tí ayé ń ka ìwé rẹ̀ yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú ẹrù ni ó ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn. Ní 1979 ni Yunifásítì Ifẹ̀ pè é wá gẹ́gẹ́ bí àlejò òǹkọ̀wé.

Kí ọmọ tí ó bi wá ní ìbéèrè yẹn ṣí ibi tí ọ̀mùtí ti bá adẹ́mu rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú. Adẹ́mu ṣàlàyé fún un pé òun kò ṣàdédé di ará ìlú náà nígbà tí òun já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ọdún méjì ni òun fi kọ́ bí a ti ń ṣe òkú, ìgbà tí òun sì yege tán ni òun tó wọ ìlú. Ọmọ tí owó ilé-ìwé rẹ̀ tán ní 1939 ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.