Àkọsílẹ̀ Ṣókí àti Ìtàn Yorùbá: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Samuel Johnson

Àkọsílẹ̀ ṣókí, ìyẹn èyí tí ènìyàn sáré kọ kí ọ̀rọ̀ má baà bọ́, kì í sábà níyì lójú àwọn alámèyítọ́. Bẹ́ẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí ìwé ìtàn Yorùbá tó lókìkí jù lọ ṣègbé.

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí The History of the Yorubas ní Ọ̀yọ́. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé nílùú Òyìnbó, Johnson sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọkọ̀ òkun tó ń gbé àtúnkọ yìí lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní ọdún 1916. Síbẹ̀, a rí i gbà padà, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1921.

Agbára àti àléébù àwọn àkọsílẹ̀ náà hàn nínú ìwé yìí. Níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ ogun Kírìjì, èyí tí Johnson fúnra rẹ̀ jíṣẹ́ àlàáfíà nínú rẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ ènìyàn pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àtijọ́, kò wọ́pọ̀ kí ó sọ ẹni tó pìtàn. Àpẹẹrẹ kan ni ti Ẹdẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, Johnson dárúkọ Tìmì Lágúnjú, ó sì yìn ín gẹ́gẹ́ bí òpìtàn tó ṣe é gbọ́kàn lé. Èwo gan-an nínú àwọn ìtàn náà ni Tìmì pa? Ìwé kò fi hàn. Ohùn Tìmì ti wọnú ohùn Johnson, ti Johnson sì ti wọnú ti àbúrò rẹ̀. Àléébù ńlá ni èyí, nítorí ìtàn tí a kò mọ ẹnu tó ti wá ṣòro láti yẹ̀ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tó bá lọ ṣèwádìí ìtàn tàbí oríkì ní Awo, lẹ́bàá Ẹdẹ, ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbí. Kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, kí ó kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, agbo ilé rẹ̀ àti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe jáde lẹ́nu, kí ó sì ya àlàyé ti ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò gbà ju ìlà mélòó kan lọ.

Lóòótọ́, ẹnu àgbà lobì ti í gbó. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ sọ ẹnu àgbà tí í ṣe.