Òkúta Tí Kálukú Yóò Gbé

Ẹni tó bá gba títì Ìdáàṣà lọ sí Párákù, àpáta ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n yọ gọnbu létí ìlú, wọ́n dúdú níbi tí omi òjò ti ń gba ara wọn ṣàn wálẹ̀, koríko sì hù díẹ̀díẹ̀ sí pàlàpálá wọn. Orí wọn ni àwọn baba wa sá gùn nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Sakin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ oníṣu, ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ àti oníkájú ni, níbi tí ọmọ ìyá kan ti lè máa lọ sí mọ́ṣáláásí ní Jímọ̀, kí èkejì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n sì jọ jẹun nínú àwo kan náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀hún, ojú lásán ti tó láti fi mọ ẹni tó jẹ́ ti Kristi. Àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, ìjọ tí Samuel Biléou Oshoffa, káfíńtà ará Àjàṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1947, yóò ti wọ sùtánà funfun, wọn yóò máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú eruku. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì á gbé Bíbélì há abíyá. Àwọn Àgùdà, tí wọ́n ti wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Ìdáàṣà láti 1995, á wọ ańkárá tí wọ́n ya àwòrán Ìyá Màríà sí, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí Arigbo lóṣù Ògún, níbi ihò àpáta tí èrò ti ń lọ gbàdúrà láti 1954. Gbogbo rẹ̀ ń wù mí í wò. N kò sí lára àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lu aṣọ ìjọ, torí ẹni tí kò ní ìtìjú láti fi ara rẹ̀ hàn ti ṣe ohun kan ná.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ bá túká, tí kálukú ń lọ sílé, ẹnì kan sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tí gbogbo aṣọ wọ̀nyí ń yà fún. Irun rẹ̀ ti ta kókó, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń wá oúnjẹ lórí ààtàn. Àwọn àgbà gbà pé wèrè tó bá ti wọ ọjà, àwòtán rẹ̀ ti bọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ orílẹ̀-èdè Benin wa kan fi gbogbo ayé rẹ̀ jà níyàn.

Grégoire Ahongbonon ni orúkọ rẹ̀. Abúlé kan lẹ́bàá ààlà wa àti Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i. Ní 1971, ó bá àwọn ọ̀dọ́ ìgbà rẹ̀ lọ wá owó ní Côte d'Ivoire, ó fìdí kalẹ̀ sí Bouaké, ó ń lẹ táyà. Iṣẹ́ náà búrẹ́kẹ́ débi pé ó ra takisí. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi fọ́, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ronú àtipa ara rẹ̀. Àlùfáà Àgùdà kan ló mú un dání lọ sí Jerúsálẹ́mù ní 1982. Nínú ìwàásù kan níbẹ̀, ó gbọ́ pé onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé òkúta tirẹ̀ wá síbi tí a ti ń kọ́ ilé Ọlọ́run. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe àmín, tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán. Ahongbonon padà dé Bouaké, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé èwo ni òkúta tiwọn.

Ẹgbẹ́ àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lọ sí ọsibítù ìjọba, wọ́n rí i pé àwọn aláìsàn tí kò lówó kàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí ikú. Wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n ra oògùn fún wọn, wọ́n sin òkú wọn. Wọ́n gba ibẹ̀ dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Orúkọ Kámílù mímọ́ ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà, ọmọ Ítálì tó kú ní 1614, ọmọ ogun àti onítẹ́tẹ́ paraku kó tó di olùtọ́jú aláìsàn. Mo fẹ́ràn pé wọn kò yan ẹni tó ti mọ́ láti inú ìyá rẹ̀ wá.

Ní 1990 ni Ahongbonon rí ọkùnrin kan ní ìhòòhò tó ń tú ààtàn. Ó ti rí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń rí i, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ní Jésù tí òun ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jìyà níbí yìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ àti omi tútù jáde lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nípa àwọn tó wà ní abúlé, àwọn tí ẹbí ti kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ilé, tàbí tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn fún ọdún gbọọrọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tú sílẹ̀, wáyà ni wọ́n fi dè é, ẹran ara rẹ̀ ti jẹrà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú, ṣùgbọ́n ó kú ní ẹni tí a wẹ̀, tí a sì wọ aṣọ fún.

Àwọn tó ń yin Ahongbonon, àánú rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló wú èmi lórí jù. Kò kàwé ìṣègùn, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n: ó wá dókítà àti nọ́ọ̀sì tí yóò fún aláìsàn ní oògùn tí owó rẹ̀ kò ga. Nígbà tí ara bá balẹ̀, aláìsàn á kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bíi búrẹ́dì ṣíṣe, aṣọ rírán tàbí oko ríro, kó má baà padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó tún rí ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ àánú kì í rí, pé ìtúsílẹ̀ kọ́ ni òpin ọ̀ràn. Bí oògùn bá tán, àìsàn á padà, ẹbí á sì tún wá ẹ̀wọ̀n jáde. Ìdí nìyẹn tí ó fi dá ojúkò kéékèèké sílẹ̀ níbi tí àwọn tó ti lọ sílé ti lè máa wá gba oògùn. Iṣẹ́ náà dé orílẹ̀-èdè Benin, ó dé Avrankou, Bohicon àti Djougou. Lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ti tọ́jú rí. Ní 2015, ilé ìwé ìròyìn Daily Trust ní Nàìjíríà fi í ṣe Ọmọ Áfíríkà tó tayọ lọ́dún náà.

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti ń fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Ọ̀mọ̀wé ni Lambo, ó ní ìjọba lẹ́yìn. Ahongbonon ní kìkì ẹgbẹ́ àdúrà.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́, bó tilẹ̀ ń dùn wá. Kì í ṣe kèfèrí nìkan ló ń de aláìsàn mọ́lẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch fi hàn pé ní Nàìjíríà, àwọn kan wà nínú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ní ilé ìjọsìn Kristẹni, bí wọ́n ti wà ní ti Mùsùlùmí àti lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí Nàìjíríà. Àwọn wòlíì a máa fi ebi pa aláìsàn ní orúkọ ààwẹ̀, wọn a sì tọ́ka sí ọkùnrin Gádárà tó ń gbé ibojì. Ìwé kan náà ni Ahongbonon ń kà. Ó kàn kà á dé ibi tí ọkùnrin náà ti jókòó, tó wọ aṣọ, tí iyè rẹ̀ sì sọ. Òun náà ń gbàdúrà, ó sì gbà pé Ọlọ́run ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò fi àdúrà rọ́pò oògùn.

Láti Sakin, títì kan náà tó kọjá lẹ́sẹ̀ àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ ló gba Ìdáàṣà lọ sí Bohicon, níbi tí iṣẹ́ Ahongbonon wà. Ẹbí tó bá fẹ́ gbé aláìsàn lọ níláti wá owó mọ́tò, wá ẹni tí yóò bá a jókòó kó má baà fò bọ́ sílẹ̀, wá dírẹ́bà tí yóò gbà láti gbé e. Lẹ́yìn náà, wọn yóò tún máa lọ gba oògùn. Owó yìí àti wàhálà yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí padà sí ìdí àbà, kì í ṣe ìkà. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tó lè kó ènìyàn kún bọ́ọ̀sì lọ sí Arigbo lóṣù Ògún mọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ láti gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ sí Bohicon: bí wọ́n ṣe ń dá owó, bí wọ́n ṣe ń bá dírẹ́bà dúnàádúrà, ẹni tó yẹ kó jókòó ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.